Ṣé rọ́bà imú ló jẹ ẹran ara ọmọ mi? Ìdáhùn fún ìyá kan ní Tákìé

Ìyá kan tó ń gbé nítòsí Tákìé, nílùú Ògbómọ̀ṣọ́, kọ̀wé sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo gé ìwé náà kúrú díẹ̀, mo sì yọ orúkọ kúrò nínú rẹ̀:

"Ẹ kú iṣẹ́, Àǹtí Nọ́ọ̀sì. Ọmọkùnrin mi pé ọdún méjì lóṣù tó kọjá. Ibà ló gùn ún lórí, gìrì mú un, ni wọ́n bá gbé e wọ ICU, wọ́ọ̀dù àwọn tí àìsàn wọn le gan-an. Ọjọ́ 11 ló lò níbẹ̀, wọ́n fi ẹ̀rọ bá a mí fún ọjọ́ márùn-ún. Wọ́n ki rọ́bà bọ imú rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbà fún un ní mílíìkì. Ṣùgbọ́n wọ́n á fún un láàárọ̀, wọ́n á ní kí wọ́n dá a dúró. Wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ lálẹ́, wọ́n á tún dá a dúró. Ìyá ọkọ mi po ògì tó dáa wá láti ilé, wọn ò gbà ká fi sí i. Nígbà tá a wọlé, ó wọn kílò 10. Nígbà tá a jáde, ó ku kílò mẹ́jọ àti ààbọ̀. Àwọn ará ilé ń sọ pé rọ́bà yẹn ló jẹ ẹran ara rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé òótọ́ ni? Kí ló dé tí wọn ò fún un lóúnjẹ bó ṣe yẹ?"

Ìyá wa, ẹ kú ewu. Irú àìsàn bẹ́ẹ̀ ò ní padà sílé yín mọ́. Ó tó ọdún 17 tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì nínú ICU, oúnjẹ àwọn ọmọ tó wà níbẹ̀ ni mo sì fi ọ̀pọ̀ nínú ọdún wọ̀nyẹn mójú tó. Ẹ jẹ́ kí n dá yín lóhùn bí mo ṣe máa dá àbúrò mi lóhùn, láìfi nǹkan kan pa mọ́.

Rọ́bà kò jẹ ẹran ara ọmọ yín. Èyí tí wọ́n sábà máa ń lò fún ọmọ tó tó tiyín, tí wọ́n ń pè ní 8 French, kò fẹ̀ ju mílímítà 2.7 lọ. Ọ̀nà lásán ni, ohun tí wọ́n bá dà sí i náà ló máa gbé lọ sínú ikùn. Nǹkan méjì ló jẹ ẹran ara rẹ̀. Àìsàn fúnra rẹ̀ ni àkọ́kọ́. Ìkejì ni àwọn wákàtí tí oúnjẹ fi dúró, tí ẹnikẹ́ni kò sì ro pọ̀. Àwa tá à ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ la ni ìpín tó pọ̀ jù nínú ìkejì yìí, mi ò sì ní ṣe bí ẹni tí kò mọ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti àìsàn kúrò ńlẹ̀. Tí ara bá wà nínú ewu ńlá, kì í dúró de oúnjẹ. Ẹran iṣan tó wà lára ló máa ń yọ́, kó lè rí ohun tí yóò fi bá àìsàn jà. Itan ọmọ tó ti lo ọjọ́ mẹ́rin péré lórí ẹ̀rọ á ti rọ̀, awọ rẹ̀ á ti fẹ̀ jù ú lọ. Ó ń ṣẹlẹ̀ kódà níbi tí oúnjẹ kò ti dáwọ́ dúró rárá, oúnjẹ àpọ̀jù kì í sì í dá a dúró láwọn ọjọ́ àkọ́kọ́. Wọ́n ti dán an wò. Ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní PEPaNIC jáde ní 2016. Leuven ní Belgium, Rotterdam ní Netherlands àti Edmonton ní Canada ni wọ́n ti ṣe é, ọmọ 1,440 ló sì wà nínú rẹ̀. Nígbà tí oúnjẹ tó ń gba ikùn kò tó, wọ́n tètè fi oúnjẹ inú iṣan ẹ̀jẹ̀ kún un fún àwọn kan láàárín wákàtí 24. Ti àwọn yòókù, ó di lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n dúró yìí ni àrùn tuntun kò fi bẹ́ẹ̀ kọ lù, àwọn náà ló sì tètè jáde ní ICU. Ìyá tó bá ń rò pé ká ní wọ́n ti da oúnjẹ tó pọ̀ sí ọmọ òun lára láti ọjọ́ kìíní ni, ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀ lórí ìyẹn.

Ohun tí ọmọ nílò ni oúnjẹ tó ń gba inú ikùn, kó tètè bẹ̀rẹ̀, kó kéré, kó máa pọ̀ díẹ̀díẹ̀, kó má sì máa já. Ìlànà tí àwọn ẹgbẹ́ amòye ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ASPEN àti SCCM, gbé jáde ní 2017 sọ pé kó bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí 24 sí 48 tí ọmọ bá ti wọlé, àyàfi tí nǹkan kan bá dí i lọ́wọ́. Wọ́n ní kó tó ìdá méjì nínú mẹ́ta ohun tó yẹ kí ọmọ jẹ kí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tó parí, kí pùròtíìnì má sì dín ní gíráàmù kan àti ààbọ̀ fún kílò kọ̀ọ̀kan lóòjọ́. Fún ọmọ yín, gíráàmù 15 nìyẹn, bí ohun tó wà nínú ẹyin adìyẹ méjì àti ààbọ̀. Ó jọ nǹkan kékeré. Títi gíráàmù 15 yìí wọlé lójoojúmọ́ ló ń lé wa sá.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọjọ́ kan hàn yín. Ní ilé ìwòsàn kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, mo jókòó ti ọmọ kan tó wọn kílò 10 bíi tiyín, mo ń kọ wákàtí sílẹ̀. Ọmọkùnrin tó wọn kílò 10 tó dùbúlẹ̀ lórí ẹ̀rọ nílò nǹkan bíi kálórì 555 lóòjọ́, ìṣirò Àjọ Ìlera Àgbáyé fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta ló gbé iye yẹn wá. Mílíìkì tó ń mu ní kálórì kan nínú mílílítà kan. Dókítà wá kọ ọ́ pé kí ẹ̀rọ máa ti mílílítà 23 sí i ní wákàtí kan. 23 lọ́nà 24, ó jẹ́ 552. Nínú ìwé, ọmọ yẹn yó.

Nígbà tó di aago kan òru, iná lọ. Bátìrì ẹ̀rọ tó ń ti mílíìkì ti kú tipẹ́. Aago mẹ́ta ni iná dé. Aago márùn-ún ìdájí, wọ́n dá oúnjẹ dúró nítorí pé wọ́n fẹ́ gbé e lọ ya àwòrán orí ní aago mẹ́sàn-án. Aago mẹ́sàn-án kọjá, a ò gbọ́ nǹkan kan. Aago kan ọ̀sán ni wọ́n tó pè wá, aago méjì la gbé e padà dé. Nọ́ọ̀sì tó gba iṣẹ́ kò fẹ́ ṣí oúnjẹ láìjẹ́ pé dókítà fọwọ́ sí i, dókítà sì wà nínú tíátà. Aago mẹ́rin ni wọ́n ṣí i. Aago mẹ́jọ alẹ́, ọmọ bì díẹ̀, wọ́n tún dá a dúró di aago mọ́kànlá.

Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. Wákàtí méjì, wákàtí 11, wákàtí mẹ́ta: 16 nínú 24. Wákàtí mẹ́jọ péré ni oúnjẹ fi wọlé, mílílítà 184. Ìdá kan nínú mẹ́ta. Kò sí ẹni tó ṣe ìkà lọ́jọ́ yẹn. Tẹ́ ẹ bá yẹ ìdí kọ̀ọ̀kan wò lọ́tọ̀, ó mọ́gbọ́n dání. Àmọ́ nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹ̀rọ tún bẹ̀rẹ̀ ní 23, àfi bí ẹni pé 368 tó sọnù lánàá kì í ṣe oúnjẹ ọmọ kan. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí fún ọjọ́ mélòó kan tẹ̀lé ara wọn. Nígbà tí mo fi ìwé náà han dókítà àgbà wa, ó dákẹ́ pẹ́. Láti ọjọ́ náà la ti ń kọ ohun tó wọlé gan-an sí ẹ̀gbẹ́ ohun tí wọ́n ní kó wọlé, a sì yàn án fún ẹnì kan láti máa ro ó pọ̀ ní aago mẹ́fà àárọ̀. Tí wákàtí kan bá ti ṣòfò, a máa ń gbé iye tó ń wọlé sókè díẹ̀ nínú àwọn wákàtí tó kù, tí ikùn ọmọ bá gbà á, kí àpapọ̀ ọjọ́ náà lè sún mọ́ ohun tó yẹ.

Ọ̀pọ̀ nínú ohun tẹ́ ẹ rí nìyẹn, ìyá wa. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìdádúró ló jẹ́ àṣìṣe, ó sì yẹ kẹ́ ẹ mọ èyí tó dáàbò bo ọmọ yín yàtọ̀ sí èyí tó kàn fi ebi pa á.

Ti ọjọ́ àkọ́kọ́ ń kọ́? Ọmọ tí ibà gun orí rẹ̀, tó dákú, tí wọn ò tíì ki rọ́bà ẹ̀rọ bọ ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, kò ní agbára láti wú ikọ́ dáadáa. Tí mílíìkì bá ti inú ikùn padà sókè, inú ẹ̀dọ̀fóró ló ń lọ. Ní Chittagong ní Bangladesh, wọ́n dán an wò lára àwọn àgbàlagbà tí irú ibà yìí mú, tí wọn ò sì sí lórí ẹ̀rọ. Èsì rẹ̀ jáde ní 2011. Nínú àwọn tí wọ́n tètè bẹ̀rẹ̀ sí í fi oúnjẹ gba imú fún, ìdá kan nínú mẹ́ta ni òtútù àyà mú nítorí oúnjẹ tó ṣìnà. Nínú àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n dúró, kò mú ẹnì kankan. Tí wọ́n bá sọ fún yín lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé kó má jẹ nǹkan kan, tí wọ́n kàn fi omi tó ní ṣúgà sí i lára, ohun tó tọ́ ni wọ́n ṣe. Ṣúgà inú omi yẹn ṣe pàtàkì púpọ̀, torí ibà líle máa ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ wálẹ̀ gan-an, ìyẹn nìkan sì lè mú kí gìrì padà.

Ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ kò bá ní ìfúnpá tó, tí wọ́n ń fi oògùn gbé e sókè, ara máa ń gba ẹ̀jẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ ìfun láti fi ran ọkàn àti ọpọlọ lọ́wọ́. Ìfun tí kò rí ẹ̀jẹ̀ tó, tá a bá da oúnjẹ púpọ̀ sí i, ó lè bàjẹ́. Nírú àkókò yẹn ìdádúró tọ́. Tí ìfúnpá bá ti dúró sójú kan, tí oògùn náà kò sì pọ̀ sí i mọ́, kò yẹ kí wọ́n tún máa dúró de ìgbà tí wọ́n máa yọ ọ́ tán. Oúnjẹ díẹ̀ lè máa wọlé. Oògùn oorun àti oògùn tó ń pa ìrora náà ń mú kí ìfun lọ́ra, ikùn á wú, ìgbẹ́ á sé. Ọmọ tó wà lórí ẹ̀rọ kò lè ṣàìgba oògùn wọ̀nyí, nítorí náà à ń wá nǹkan ṣe sí ìgbẹ́ kó tó di wàhálà.

Àwọn wákàtí tí wọ́n fi ń pa ọmọ lébi kó tó wọ tíátà tàbí kí wọ́n tó yọ rọ́bà ẹ̀rọ ọ̀fun ni èyí tó ń dùn mí jù. Òfin tí àwọn tó ń kunni lóorun ń tẹ̀ lé kò fara sin: wákàtí méjì fún omi lásán, mẹ́rin fún omi ọmú, mẹ́fà fún mílíìkì inú agolo. Kò sí ibi tí wọ́n ti kọ 11. Ohun tó ń sọ mẹ́fà di 11 ni pé a dá oúnjẹ dúró ní ìbámu pẹ̀lú aago tí wọ́n kọ sínú ìwé, nígbà tí aago yẹn sì yí padà, a ò yí ti oúnjẹ padà.

Àṣà kan tún wà tẹ́ ẹ ti lè rí. Nọ́ọ̀sì á fi síríńjì fa ohun tó wà nínú ikùn jáde, á wò ó, á ní ó pọ̀ jù, á sì dá oúnjẹ dúró. Èmi náà ti ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ohun tí síríńjì ń fà jáde kì í sọ òtítọ́ tó bá a ṣe rò. Bí orí rọ́bà bá ti fara ti ògiri ikùn, á fà díẹ̀. Bó bá wà nínú adágún ibẹ̀, á fà púpọ̀. Oje inú ikùn fúnra rẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ICU ló ti ń fi àṣà yìí sílẹ̀, tí wọ́n ń wo ọmọ fúnra rẹ̀: ṣé ó ń bì, ṣé ikùn ń wú sí i, ṣé ó le bí ìlù nígbà tá a fọwọ́ kàn án, ṣé ohun tó bì ní àwọ̀ ewé nínú. Tí ìkankan nínú wọn kò bá sí, mi ò rí ìdí tí oúnjẹ fi gbọ́dọ̀ dúró nítorí síríńjì nìkan.

Níbi tí mo gé kúrò nínú ìwé yín, ẹ tún ní wọ́n tún rọ́bà ki lẹ́ẹ̀mejì nítorí pé ọmọ fà á yọ, wọ́n sì ní ó di dandan kí wọ́n ya àwòrán kí wọ́n tó lò ó, ìyẹn sì gba wákàtí mẹ́ta. Lórí èyí, mo bẹ̀ yín, ẹ má bínú sí wọn.

Bí a ṣe ń ki rọ́bà nìyí. A óò fi orí rẹ̀ lé ṣóńṣó imú ọmọ, a ó nà á dé etí, ká tún nà á láti etí lọ sí àárín ibi tí egungun àyà parí sí àti ìdodo. Ibẹ̀ la ó ti fi báírò sàmì. Tí a bá kì í tán, àmì yẹn gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu ihò imú, ká fi pílásítà lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, ká sì kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀. Nínú ooru oṣù kẹta níhìn-ín, òógùn máa ń tú pílásítà yẹn kí ọ̀sán tó pọ́n. Ọ̀nà oúnjẹ àti ọ̀nà èémí jọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nínú ọ̀fun, ọmọ tí oògùn sì kùn lóorun kò ní wú ikọ́ láti sọ fún wa pé ojú ọ̀nà mìíràn la gbà.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ohun tí wọ́n kọ́ wa ni pé ká fi síríńjì fẹ́ atẹ́gùn sínú rọ́bà, ká fi ohun èlò àyẹ̀wò àyà gbọ́ ikùn. Tó bá ti dún "fúù", ó ti wọlé nìyẹn. Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo gbọ́ "fúù" lára ọmọbìnrin kan tí kò ju oṣù mẹ́jọ lọ. Mo gbọ́ ọ ketekete. Mo ti gbé mílíìkì dání. Ọ̀gá mi, ìyá àgbà kan tí ìbínú rẹ̀ máa ń bà wá lẹ́rù, ní kí n gbé e kalẹ̀ ká kọ́kọ́ ya àwòrán. Àwòrán dé, rọ́bà wà nínú ẹ̀dọ̀fóró ọwọ́ ọ̀tún. Ìró inú ẹ̀dọ̀fóró ń rìn dé ikùn lára ọmọ kékeré, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pé etí mi di. Títí dòní, tí mo bá gbé síríńjì mílíìkì dání, mo máa ń rántí ọmọ yẹn.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àjọ tó ń rí sí ààbò aláìsàn kọ̀wé sí àwọn ilé ìwòsàn wọn ní 2005 àti ní 2011 pé kí wọ́n má gbára lé "fúù" yẹn mọ́. Ohun tí wọ́n ní kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ni kí wọ́n fa omi díẹ̀ jáde nínú rọ́bà, kí wọ́n kán an sórí bébà tí ń yí àwọ̀ padà, èyí tó ń fi bí nǹkan ṣe kan tó hàn. Omi inú ikùn kan gan-an. Tí bébà bá kà á láàárín 1 sí 5.5, wọ́n lè lò ó. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, tàbí tí omi kò jáde, kí wọ́n ya àwòrán. Bébà yìí kò wọ́n bí àwòrán. Ó dùn mí pé ó máa ń tán lọ́wọ́ wa, tí ọmọ á fi máa dúró de ẹni tó ń ya àwòrán títí di ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ohun tó kéré tó èékánná lè ti yanjú ẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan. Bí mo bá ní agbára lórí owó ilé ìwòsàn kankan, bébà yẹn ni màá kọ́kọ́ rà.

Ó wá ku ti ògì ìyá ọkọ yín. Mo mọ̀ pé èyí ló ta ìyá ọkọ yín lára jù, ó sì yẹ kó ta á. Àwa ọmọ Ajílété, níbi tí wọ́n gbé ń jẹkà kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ yangan, báwo la ṣe máa gbé ẹ̀kọ dé ẹnu ọ̀nà ká sì gbọ́ pé ọmọ ò gbọdọ̀ fẹnu kàn án? Ìyá àgbà mìíràn tiẹ̀ ti rọ ọmọ márùn-ún dàgbà sórí itan rẹ̀, ó sì mọ̀ pé òun mọ ọwọ́ ọmọ rírọ.

Ẹ bá mi sọ fún wọn pé ọ̀rọ̀ ihò inú rọ́bà la ń sọ, ògì kò ṣẹ̀ wá. Ẹ̀kọ gbígbóná ń ṣàn. Tó bá tutù, á dì. Ẹ rò ó bí yóò ṣe dì nínú ihò tí kò fẹ̀ tó mílímítà mẹ́ta. A ní láti fa gbogbo rẹ̀ yọ, ká tún kì í, ká tún ya àwòrán, oúnjẹ á sì tún dúró. Tí a bá wá fi omi là á kó má baà dì, omi ló kù. Ọmọ tí ara rẹ̀ dá tó wọn kílò 10 lè gba nǹkan bíi lítà omi kan lóòjọ́. Èyí tó wà lórí ẹ̀rọ, dókítà lè ní kó má ju ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ lọ, torí omi àpọ̀jù ń wọ ẹ̀dọ̀fóró. Oògùn kòkòrò, oògùn oorun, omi tá a fi ń fọ rọ́bà lẹ́yìn oògùn kọ̀ọ̀kan, inú rẹ̀ náà ni wọ́n ti ń yọ. Mílílítà tó kù fún oúnjẹ kò pọ̀, ẹyọ kọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ gbé kálórì àti pùròtíìnì dání. Ògì tí wọ́n là kò lè gbé e. Kódà omi ọmú, tí mo fẹ́ràn ju gbogbo oúnjẹ lọ fún ọmọ kékeré, kò ju kálórì 67 lọ nínú mílílítà 100, ọmọ yín ìbá sì ní láti mu ju mílílítà 800 lọ kó tó yó.

Ohun kan tún wà tí ojú kì í rí. Ohun tí wọ́n pò nílé, tó gun ọ̀kadà láti Ìsàlẹ̀ Afọ́n tàbí láti Ọjà Jagun, tó sì dúró nínú fúláàsì di ọ̀sán, kòkòrò á ti wà nínú rẹ̀. Ọmọ tí ara rẹ̀ yá lè gbé e. Eléyìí kò lè gbé e. Mílíìkì alẹ́búlẹ́bú táwa gan-an ń pò níbẹ̀, a kì í jẹ́ kó kọ́ ju wákàtí mẹ́rin lọ, nínú ooru ìhín mi ò tiẹ̀ ń jẹ́ kó tó bẹ́ẹ̀. Mo ti rí ìyá tó dúró di òru kó tó da àgbo sínú rọ́bà, mo sì ti rí ẹni tó da omi àdúrà sí i. Ìfẹ́ ló mú wọn ṣe é, mi ò bá wọn jà. Mo jókòó tì wọ́n, mo sì fi àwòrán ẹ̀dọ̀fóró ọmọbìnrin olóṣù mẹ́jọ yẹn ṣàlàyé fún wọn.

Fún ọmọ tí àìjẹunrekánú ti wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ewu mìíràn ń bẹ nínú kíkánjú. Ara tí ebi ti bá gbé pẹ́ ti lo èròjà inú rẹ̀ tán. Tí oúnjẹ bá ya wọ̀ ọ́ lójijì, phosphate, potassium àti magnesium inú ẹ̀jẹ̀ á sá wọ inú àwọn sẹ́ẹ̀lì ara, ọkàn á sì máa lù gbùrẹ̀gbùrẹ̀. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ẹlẹ́wọ̀n ogun tí ebi ti hàn léèmọ̀ kú lẹ́yìn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun tán. Ìdí nìyẹn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) fi ní mílíìkì méjì fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀. F-75 ni wọ́n kọ́kọ́ ń lò, kálórì 75 ló wà nínú mílílítà 100 rẹ̀, pùròtíìnì rẹ̀ kò sì pọ̀. Tí ara bá ti balẹ̀ ni wọ́n tó ń gbé F-100 wọlé. Ìyá tó bá rí i pé mílíìkì ọmọ òun ṣàn jù lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, kó bi wọ́n bóyá F-75 ni.

Ti iná àti owó, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ibi tí kò bá sí ẹ̀rọ tó ń ti mílíìkì, a máa ń yọ ọ̀pá inú síríńjì kúrò, a gbé ìgò rẹ̀ sókè, oúnjẹ á máa sọ̀kalẹ̀ fúnra rẹ̀ ní wákàtí mẹ́ta mẹ́ta. Kò burú, ó tiẹ̀ dára ju ẹ̀rọ tí kò ní bátìrì lọ. Orí ọmọ gbọ́dọ̀ ga sókè díẹ̀ ni, kó má dùbúlẹ̀ gbalaja.

Ní báyìí tẹ́ ẹ ti gbé e délé, ohun tó sọnù ní kílò kan àti ààbọ̀ yẹn lè padà. Ẹ gbé e lọ sí ibùdó ìlera tó sún mọ́ yín lọ́sẹ̀ yìí kí wọ́n fi téèpù wọn apá rẹ̀ lókè. Tó bá wà lábẹ́ sẹ̀ǹtímítà 11.5, àìjẹunrekánú líle nìyẹn, kí wọ́n tètè fi í sínú ètò ìtọ́jú. Tó bá wà láàárín 11.5 sí 12.5, ẹ máa mú un lọ fún ìwọ̀n déédéé. Ẹ fi ìka ńlá tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kí ẹ wò ó bóyá ojú ibẹ̀ jìn, kó má lọ jẹ́ pé wíwú ló ń fi sanra.

Ògì ìyá ọkọ yín, ìsinsìnyí ni àkókò rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó ki, kó má ṣàn. Ẹ po ẹ̀pà tàbí ṣóyà lílọ̀ mọ́ ọn, kí ẹ fi mílíìkì sí i, kí ẹ sì fi ṣíbí kékeré òróró kan kún un. Ṣíbí kékeré kan yẹn ní tó kálórì 40 nínú. Mọ́ínmọ́ín, ẹyin, ẹ̀wà rírọ̀, ẹja tí wọ́n ti yọ egungun rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, ẹ̀ẹ̀marùn-ún lóòjọ́. Ẹ má rọ ọ́. Ọ̀fun tí rọ́bà ẹ̀rọ gbé nínú rẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún lè máa gbé nǹkan mì tìkọ̀tìkọ̀. Tó bá ń wú ikọ́ nígbà tó bá mu omi, tí ohùn rẹ̀ sì há lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà.

Tí ẹnì kan nínú ẹbí tàbí aládùúgbò yín bá sì tún ní ọmọ nínú ICU, ẹ ní kó bi nọ́ọ̀sì ní ọ̀rọ̀ méjì pẹ̀lú ọ̀wọ̀, láàárọ̀ àti lálẹ́. Èkíní, "Mílílítà mélòó ló wọlé lánàá?" Èkejì, nígbàkígbà tí wọ́n bá dá oúnjẹ dúró, "Aago mélòó ni yóò tún bẹ̀rẹ̀?" Nọ́ọ̀sì tó bá mọṣẹ́ kò ní bínú. Èmi, mo máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá tó bá bi mí.

Tí wọ́n bá ti wọn apá rẹ̀, ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, pẹ̀lú bó ṣe wọn lórí òṣùwọ̀n, iye ìgbà tó ń jẹun lóòjọ́, àti bóyá ó ń wú ikọ́ tó bá ń mu omi. Màá dáhùn.